Spirulina mi ò ní aró mọ́, ó ti di àwọ̀ ewé lásán. Ẹ gbà mí o!

Adùnní Aláró · Ajé, 6:52 àárọ̀

Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ará. Aláró ni mí, Abẹ́òkúta ni mò ń gbé, ìdí aró ni wọ́n bí mi sí. Ó tó ọdún kan báyìí tí mo ti ń gbọ́ nípa ohun kan tí wọ́n ń pè ní spirulina, pé inú omi ló ń hù, pé búlúù wà nínú ẹ̀ tó ṣeé jẹ tó ṣeé mu, ni mo bá ní kí n gbìn ín fúnra mi, kí n máa yọ búlúù yẹn sí ọṣẹ àti sí júùsì ọsàn wẹ́wẹ́ tí ọmọ mi obìnrin ń tà.

Mo ra irúgbìn lítà márùn-ún lọ́wọ́ ẹnì kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Nígbà tó dé, ó ṣú dùdù, bí ìgbà téèyàn da aró sínú ọbẹ̀ ẹ̀fọ́, tí mo bá gbé e síbi tó dákẹ́ á léfòó sókè. Mo dà á sínú báàfù ńlá tó ń gba lítà 50, mo bu omi kànga kún un, mo fi békìn sódà ṣíbí mẹ́rin, mo fi NPK díẹ̀, mo gbé e sí àárín àgbàlá níbi tí oòrùn ti ń pa á dáadáa. Ọjọ́ kẹta ó di yẹ́lò, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Ọjọ́ keje ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í dára, inú mi dùn, àfi bó ṣe di ọ̀sẹ̀ kejì tí mo rí i pé àwọ̀ ewé ọ̀hún kì í ṣe ti tẹ́lẹ̀. Ewé lásán ni, bíi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ, kò sí aró kankan nínú ẹ̀. Kò léfòó mọ́, mo sẹ́ ẹ, gbogbo ẹ̀ ló bá omi kọjá lọ.

Ṣé spirulina náà ṣì ni àbí nǹkan mìíràn ti wọlé? Tó bá jẹ́ nǹkan mìíràn, ṣé búlúù wà nínú òun náà? Owó irúgbìn yẹn ò kéré o.

Bàbá Ẹlẹ́ja Ìkòròdú · Ajé, 7:30 àárọ̀

Adùnní ọmọ mi, kí ló ń bà ọ́ lẹ́rù? Omi tó bá ti di àwọ̀ ewé, oúnjẹ ti wà nínú ẹ̀ nìyẹn. Ogún ọdún ni mo ti ń sin ẹja àrọ̀, tí omi ò bá tíì di àwọ̀ ewé èmi kì í da ọmọ ẹja sí i. Ìgbẹ́ adìyẹ la fi ń ṣe é, kì í ju bí ọjọ́ márùn-ún lọ. Orúkọ òyìnbó yẹn, wọ́n kàn fi ń gbowó lọ́wọ́ yín ni, ọ̀kan náà ni gbogbo wọn. Tó o bá fẹ́, wá bu ti ọ̀dọ̀ mi lọ́fẹ̀ẹ́, kó o sá a gbẹ, kó o máa pò ó mu.

Mama Làbù · Ajé, 8:11 àárọ̀

Bàbá, ẹ jọ̀wọ́ sà, ẹ má ní kí ẹnikẹ́ni sá omi ẹja gbẹ kó mu ún. Ẹja yín ń jẹ ẹ́, ó dáa, ẹja kọ́ ni wá. Irú omi tí ìgbẹ́ adìyẹ ti pọ̀ báyẹn ni Microcystis ti máa ń hù, òun náà aláwọ̀ ewé, òun náà ń léfòó, ojú omi á dà bíi ibi tí ọ̀dà dà sí. Ẹ̀dọ̀ ni májèlé ẹ̀ ń bà jẹ́, kẹ́ ẹ sì sè é títí ilẹ̀ á fi mọ́, májèlé yẹn ò lọ. WHO, àjọ ìlera àgbáyé, ní májèlé ọ̀hún, microcystin-LR, ò gbọdọ̀ ju máíkírógírámù 1 lọ nínú lítà omi mímu kan, ẹ sì mọ̀ pé máíkírógírámù kan ò tó ohun tí ojú ń rí.

Ìyá aláró, ẹ kú ìnáwó. Ká tó lè mọ ohun tó wà nínú báàfù yín, ẹ dá mi lóhùn. pH omi yẹn, ìyẹn ìwọ̀n bó ṣe kan bí ọsàn tàbí bó ṣe le bí omi eérú, mélòó? NPK wo ni? Ṣíbí mẹ́rin, ṣíbí wo? Òjò rọ̀ sí i àbí kò rọ̀? Irú asẹ́ wo lẹ fi sẹ́ ẹ?

Adùnní Aláró · Ajé, 8:40 àárọ̀

Ẹ ṣé mà. Mi ò ní nǹkan tí wọ́n fi ń wọn pH. NPK 15-15-15 ni, èyí tí wọ́n ń fi sí àgbàdo. Ṣíbí ìjẹun ni. Òjò rọ̀ sí i lẹ́ẹ̀mejì, mi ò sí nílé. Aṣọ asẹ́ ògì ni mo lò, mo ṣẹ́ ẹ po méjì.

Mama Làbù · Ajé, 9:25 àárọ̀

Ó ti yé mi wàyí. Ṣíbí ìjẹun mẹ́rin ò lè ju nǹkan bíi gírámù 60 lọ. Omi tí wọ́n fi ń gbin spirulina ní làbù, Zarrouk là ń pè é, láti 1966 ló ti wà, bicarbonate, ìyẹn békìn sódà yẹn náà, gírámù 16.8 ló ń lọ sínú lítà kan. Ẹ sọ ọ́ di lítà 50, gírámù 840 nìyẹn o. Ẹ fi 60 sí i, òjò tún wá là á. Bicarbonate yẹn, oúnjẹ rẹ̀ ni, òun náà sì ni ọgbà tó yí i ká. Spirulina ń gbé inú omi tí pH ẹ̀ tó 10, kódà ó lè ju bẹ́ẹ̀ lọ, ọ̀pọ̀ nǹkan mìíràn ni ò lè gbébẹ̀. Nígbà tí ọgbà ti wó, ohun tó wà nínú omi kànga àti ohun tí atẹ́gùn ń gbé kiri, gbogbo wọn ló wọlé wá jókòó. Ẹ̀yin aláró kúkú mọ èyí ju èmi lọ, tí omi eérú ò bá mú dáadáa, ṣé aró á gbà?

NPK yẹn náà ò dáa fún un. Náítírójìn tó wà nínú ẹ̀, ammonium ló pọ̀ jù níbẹ̀, tí ammonium bá sì bọ́ sínú omi tó le báyẹn á di ammonia tó máa ń ta imú, ìyẹn ń pa á. Sodium nitrate ni kẹ́ ẹ wá, gírámù 2.5 sí lítà kan. Tẹ́ ẹ bá rí potassium nitrate lọ́wọ́ àwọn tó ń ta ajílẹ̀ fún tòmátò inú ilé ọ̀rá, òun náà dáa.

Yẹ́lò ọjọ́ kẹta yẹn, oòrùn ló fà á. Lítà márùn-ún lẹ là di 50, ó fẹ́lẹ́ jù, kò sí èyí tó lè ṣíji bo èkejì, oòrùn Abẹ́òkúta sì jẹ wọ́n láwọ̀ run. Nígbà tí wọ́n kú tán ni àlejò wá rí àyè.

Tíṣà Báyọ̀ · Ajé, 1:15 ọ̀sán

Ẹ jẹ́ kí n ta ko Mama díẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ìgbà tí aró bá lọ ni àlejò wọlé. Búlúù tí Ìyá aláró ń wá yẹn, phycocyanin, púrótéènì ni, náítírójìn sì kún inú ẹ̀. Tí náítírójìn bá tán nínú omi, spirulina á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ búlúù ara ẹ̀ bí ẹni tí ebi ń pa tó ń rù, chlorophyll, àwọ̀ ewé ẹ̀, ló máa ṣẹ́kù, á wá máa pọ́n bí ewé tó fẹ́ wọ́. Mo ti rí i rí nínú báàfù tí èmi àti àwọn ọmọ kíláàsì mi ń tọ́jú. Mo fi náítíréètì sí i, kò pẹ́ tí aró fi padà. Nítorí náà kí wọ́n má tíì dà á nù.

Ọ̀rọ̀ Bàbá Ẹlẹ́ja, òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀ o. Ẹbí ni gbogbo wọn, algae ni wọ́n ń jẹ́. Fritsch, onímọ̀ algae kan, pín wọn sí ìsọ̀rí 11 ní 1935, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ́ wa, bẹ́ẹ̀ náà ni èmi ń kọ́ àwọn ọmọ.

Dípọ̀ Scotland · Ajé, 5:48 ìrọ̀lẹ́

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ gbogbo ilé. Orí algae ni mo ti ń ṣe ìwádìí mi níbí, iṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ́ kí n ráyè ni. Ẹ jẹ́ kí àbúrò yín dá sí i.

Tíṣà, òótọ́ lẹ sọ lórí náítírójìn, sà. Ṣùgbọ́n ẹ tún wo ohun tí Ìyá aláró sọ: asẹ́ ògì tí wọ́n ṣẹ́ po méjì, gbogbo ẹ̀ kọjá. Spirulina tí ebi ń pa, okùn ni síbẹ̀. Okùn gígùn tó lọ́ bíi síkúrúù ni, tẹ́ ẹ bá sẹ́ ẹ á dúró lórí aṣọ bí èérí ògì ṣe ń dúró. Ohun tó bá omi kọjá bí ògì fúnra ẹ̀ ṣe ń kọjá, nǹkan róbótó kéékèèké ni, bíi algae aláwọ̀ ewé tí wọ́n ń pè ní Chlorella, tí èyí tó tóbi nínú wọn ò ju máíkírómítà 10 lọ. Torí náà mo fara mọ́ Mama, àlejò ti wọlé. Ó kàn lè jẹ́ pé onílé ò tíì kú tán ni.

Ọ̀rọ̀ ẹbí wá. Lóòótọ́ Fritsch fi àwọn aláwọ̀ aró bíi spirulina sínú ìwé ẹ̀, ó pè wọ́n ní Myxophyceae, torí pé àwọ̀, oúnjẹ tí wọ́n kó pamọ́ àti ìrísí ni wọ́n fi ń pín wọn nígbà yẹn. Lónìí a mọ̀ pé baktéríà ni spirulina. Kò ní núkílíọ́ọ̀sì (ibi tí DNA ń gbé nínú sẹ́ẹ̀lì), kò ní chloroplast (ibi tí àwọ̀ ewé ń gbé). Chlorella ní méjèèjì, ó sì ń kó sítáàṣì pamọ́ bí ẹ̀gẹ́ ṣe ń kó o. Ẹ ò ní gbà mí gbọ́, ṣùgbọ́n Chlorella sún mọ́ ilá tó wà lóko yín ju bó ṣe sún mọ́ spirulina lọ. (Chloroplast inú ilá yẹn gan-an, baktéríà aláwọ̀ aró kan tí wọ́n gbé mì láyé àtijọ́ ló di bẹ́ẹ̀, ìyẹn ìtàn ọjọ́ mìíràn.)

Orúkọ gan-an fún spirulina wa kì í tiẹ̀ ṣe Spirulina. Arthrospira ni ọ̀pọ̀ onímọ̀ ń pè é. Stizenberger ló dá orúkọ yẹn sílẹ̀ ní 1852, Gomont ní 1892 sọ pé ọ̀tọ̀ ni òun, ọ̀tọ̀ ni Spirulina, Geitler wá pa wọ́n pọ̀ ní 1932, lẹ́yìn náà wọ́n tún tú wọn ká, àmọ́ ọjà ti gba orúkọ kan, kò sẹ́ni tó lè gbà á padà lọ́wọ́ wọn. Chlorella náà nìyẹn, Beijerinck sọ ọ́ lórúkọ ní 1890, gbogbo ohun róbótó aláwọ̀ ewé ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pè ní Chlorella, ìgbà tí wọ́n wo DNA wọn ni wọ́n rí i pé ọ̀pọ̀ ò tan mọ́ra wọn rárá. Ohun tí mò ń sọ ni pé ojú nìkan ò tó.

Ìyá aláró, tí kò bá sí máíkíròsíkóòpù, ẹ dán méjì yìí wò. Àkọ́kọ́, ẹ bu omi náà sínú ife, kó dúró títí á fi rò sílẹ̀, ẹ da omi orí ẹ̀ nù, ẹ fi sípíríìtì wẹ èyí tó rò títí àwọ̀ ewé ẹ̀ á fi lọ, ẹ wá kán áyódíìnì tí wọ́n ń fi sójú egbò sí i. Tó bá dúdú bíi aró, sítáàṣì wà níbẹ̀, algae aláwọ̀ ewé ni. Spirulina ò ní ju kó pọ́n bíi tíì lọ. Èkejì, ẹ fi èyíkéyìí tó bá kù lórí asẹ́ pa ara bébà funfun, kó gbẹ, ẹ kán omi lé e. Tí spirulina bá wà níbẹ̀, búlúù á máa yọ́ jáde yí ibẹ̀ ká.

Bàbá Ẹlẹ́ja Ìkòròdú · Ajé, 6:20 ìrọ̀lẹ́

Mo ti gbọ́. Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni mu ún mọ́. Ṣùgbọ́n ilá kẹ̀? Dípọ̀, ṣé otútù ibẹ̀ ò pọ̀ jù báyìí?

Àlàájì Oníkán-ún · Ìṣẹ́gun, 5:40 ìdájí

Salaam. Mo kà á látòkè délẹ̀, mo wá ń rẹ́rìn-ín. Gírámù 840 békìn sódà sínú báàfù kan, ta ló fẹ́ máa ra ìyẹn lóṣooṣù? Kán-ún ni kẹ́ ẹ lò! Mo ti ń ta kán-ún ní Bódìjà kí ọ̀pọ̀ yín tó gbọ́njú, agbègbè Adágún Chad ni tiwa ti ń wá. Ibi tí kán-ún ti ń wá yẹn gan-an ni ohun tẹ́ ẹ̀ ń pè ní spirulina ti ń hù fúnra ẹ̀, kò sẹ́ni tó gbìn ín. Àwọn adágún kéékèèké wà láàárín yanrìn ní Kanem, ní orílẹ̀-èdè Chad, lápá ibi tí ìlú Bol wà, omi wọn le, bẹ́ ẹ bá fọwọ́ bọ̀ ọ́ á máa yọ̀ bí ọṣẹ. Àwọn obìnrin Kanembu ló ń bu ú, wọ́n á dà á sórí yanrìn kí omi ẹ̀ gbẹ, á di pẹlẹbẹ, wọ́n á gé e sí wẹ́wẹ́. Dihé ni wọ́n ń pè é. Wọ́n ń fi se ọbẹ̀, ẹja tàbí ẹran á wà nínú ẹ̀, ata á wà nínú ẹ̀. Mo jẹ ẹ́ ní N'Djamena. Kò burú, ó jọ ẹ̀fọ́ tó ní òórùn odò díẹ̀.

Mama Làbù · Ìṣẹ́gun, 7:02 àárọ̀

Àlàájì, mo kí yín sà. Ọ̀rọ̀ dihé, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ara kán-ún ò mọ́, yanrìn wà níbẹ̀, iyọ̀ oríṣiríṣi wà níbẹ̀, èyí tẹ́ ẹ tà lónìí lè má jọ ti oṣù tó ń bọ̀. Spirulina sì máa ń fa irin tó wúwo mọ́ra látinú omi, tí òjé bá wà nínú kán-ún, inú búlúù ló ń lọ, inú ọmọ tó jẹ búlúù ló sì máa parí sí. Fún ìdánwò, ó dáa. Fún ohun tí èèyàn fẹ́ tà fún jíjẹ, ẹ jẹ́ ká ra bicarbonate tó mọ́.

Àlàájì Oníkán-ún · Ìṣẹ́gun, 7:09 àárọ̀

A ti ń fi kán-ún se ewédú láti ayébáyé, àwa ò kú.

Mama Làbù · Ìṣẹ́gun, 7:15 àárọ̀

Bíńtín lẹ̀ ń fi sí ewédú, Àlàájì. Èyí tá à ń sọ yìí, kílò ni.

Dípọ̀ Scotland · Ìṣẹ́gun, 7:50 àárọ̀

Ibi kan wà tí Àlàájì ti ju gbogbo wa lọ o. Bicarbonate nìkan, tẹ́ ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ pò ó, pH ẹ̀ ò ju nǹkan bíi 8.3 lọ. Ìgbà tí spirulina bá ń jẹ nínú ẹ̀ ló ń gun òkè lọ sí 10. Ẹni tí irúgbìn ẹ̀ bá kéré, láàárín ìgbà yẹn ni àlejò ń ráyè wọlé. Kán-ún ti ní carbonate pẹ̀lú bicarbonate nínú, ìdí nìyẹn tí omi ẹ̀ fi ń le lójú ẹsẹ̀. Ẹ lè ṣe bẹ́ẹ̀ láìlo kán-ún: ẹ da békìn sódà díẹ̀ sínú ìkòkò irin gbígbẹ, ẹ yan án lórí iná bí ẹni ń yan gàrí, bíi wákàtí kan, kò ní yípadà lójú yín ṣùgbọ́n carbonate ló ti dà. Ẹ máa fi ìyẹn díẹ̀díẹ̀ kún omi títí pH á fi tó 10. Bébà tí wọ́n fi ń wọn pH ò wọ́n, ẹ rà á. Ẹ má sì fi omi eérú rọ́pò o, mo mọ̀ pé ó ti wà lọ́kàn yín. Potash ni tiyín, sodium ni spirulina fẹ́.

Ṣọlá Ọlọ́ṣẹ · Ìṣẹ́gun, 12:33 ọ̀sán

Ẹ dákun, ṣé kò sẹ́ni tó fẹ́ sọ òótọ́ fún Àǹtí Adùnní ni? Mo ti ra púdà búlúù spirulina rí fún ọṣẹ mi, èyí tó wọ́n bí ojú. Alẹ́ tí mo pò ó, ọṣẹ náà dà bí ojú sánmà, mo ya fọ́tò, mo gbé e sí status. Kò pẹ́ tó fi di eérú. Mo tún un ṣe, mo dín in kù, mo fi sí i gbẹ̀yìn, kàkà kó sàn, eérú náà ni. Ọṣẹ le jù fún un, ó sì ń gbóná nígbà tó bá ń mú.

Ohun tó wá dún mi ni pé búlúù tó ń dúró nínú ọṣẹ, èlú ni! Èmi ń lo púdà èlú báyìí, oṣù mẹ́fà, kò ṣí. Àǹtí, aláró ni yín, inú ìkòkò yín ni ohun tẹ́ ẹ̀ ń wá kiri wà.

Adùnní Aláró · Ìṣẹ́gun, 12:50 ọ̀sán

Háà. Kí ìyá mi má gbọ́ èyí o, wọ́n á fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ dọ́dún. Júùsì ọsàn wẹ́wẹ́ wá ńkọ́?

Mama Làbù · Ìṣẹ́gun, 1:20 ọ̀sán

Ìyẹn náà ò lè gbà á. Ọsàn wẹ́wẹ́ kan jù, búlúù á rò sílẹ̀ bí wàrà tó bàjẹ́. Òun kì í fẹ́ kíkan, kì í fẹ́ líle, kì í fẹ́ iná tó bá ti kọjá bíi 45 degree, oòrùn sì ń ṣá a. Ohun tútù tí kò kan ló bá mu: áísìkíriìmù, ìpara orí kéèkì. Ní Amẹ́ríkà, súìtì àti ṣíńgọ́ọ̀mù ni FDA, àjọ wọn tó ń ṣọ́ oúnjẹ àti oògùn, kọ́kọ́ fọwọ́ sí i fún, ní 2013. Kẹ́ ẹ tó tà á fún ará ìta níbí, ẹ rántí NAFDAC.

Kẹ́ ẹ sì mọ bí yóò ṣe kéré tó. Ojú omi tó fẹ̀ tó mítà kan níbùú lóròó, tó bá ń ṣe dáadáa, bíi gírámù 5 sí 10 gbígbẹ lóòjọ́ ni. Báàfù yín ò tó ìdá kan nínú ìdá méjì ìyẹn. Inú ẹ̀ ni búlúù ti máa jáde, kò ju bí ìdá kan nínú mẹ́wàá lọ, tàbí kó lé díẹ̀.

Adùnní Aláró · Ìṣẹ́gun, 1:31 ọ̀sán

Áísìkíriìmù náà dáa, ọmọ yẹn ti ń yọ mí lẹ́nu lórí ẹ̀ tipẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, mo tún gbọ́ pé pupa kan wà tó wọ́n ju búlúù lọ, ṣé kí n kúkú yí sí ìyẹn?

Dípọ̀ Scotland · Ìṣẹ́gun, 6:05 ìrọ̀lẹ́

Àǹtí mi, ẹ fara balẹ̀, ẹ jọ̀ọ́. Pupa yẹn, astaxanthin ni, òun ló ń jẹ́ kí ẹran ẹja salmon pọ́n. Algae kan tí wọ́n ń pè ní Haematococcus ló ń ṣe é. Mo ti gbìn ín, ó ti pa mí lẹ́kún. Ìpele méjì ni. Ẹ máa kọ́kọ́ kẹ́ ẹ, iná díẹ̀, oúnjẹ tó tó, omi tútù, á máa wẹ̀ kiri pẹ̀lú ìrù méjì, àwọ̀ ewé. Tó bá pọ̀ tán, ẹ máa wá fi ìyà jẹ ẹ́: ẹ gba náítírójìn kúrò, ẹ tan iná tó le sí i. Ẹ̀rù á bà á, á ká ara ẹ̀ jọ, á gbé ògiri nípọn wọ̀, á wá pọ́n. Pupa yẹn ni agbòòrùn ẹ̀. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé omi tó ń gbé ò ní ọgbà kankan. Omi lásán tí gbogbo nǹkan lè gbé ni. Spirulina ní líle omi tó ń ṣọ́ ọ, Dunaliella, algae tó ń ṣe bẹta-karotíìnì (àwọ̀ inú kárọ́ọ̀tì), ní iyọ̀ tó ń ṣọ́ ọ, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń rí i gbìn ní gbangba nínú adágún oníyọ̀ bíi Hutt Lagoon ní Ọsirélíà, omi ibẹ̀ pọ́n bíi omi ìṣápá. Haematococcus ò ní ẹnì kankan. Inú gíláàsì ni wọ́n ti ń sìn ín bí ọmọ ìkókó. Nínú báàfù àgbàlá, kò ní pẹ́ tí kòkòrò á fi jẹ ẹ́ tán.

Ẹ sì tún kíyè sí i: ẹni tó fẹ́ pupa tàbí yẹ́lò, ebi ló ń fi pa tiẹ̀. Ẹni tó fẹ́ búlúù ò gbọdọ̀ jẹ́ kí ebi pa á rárá, ohun tí Tíṣà sọ lánàá nìyẹn. Torí náà tí ẹnikẹ́ni bá fún yín ní ètò ìtọ́jú algae, ẹ kọ́kọ́ bi í pé kí ló fẹ́ yọ jáde nínú tiẹ̀.

Tíṣà Báyọ̀ · Ìṣẹ́gun, 8:14 alẹ́

Mo gbà fún un lórí ọ̀rọ̀ baktéríà. Màá tún nóòtì mi kọ. Ṣùgbọ́n nínú ìdánwò, tí ọmọ bá kọ ọ́ pé algae ni, mi ò ní fagi lé e.

Adùnní Aláró · Ọjọ́bọ̀, 7:20 àárọ̀

Mo ti ṣe méjèèjì o. Áyódíìnì: ó dúdú kiriri! Sítáàṣì wà níbẹ̀. Mo wá ní kí n tún sẹ́ gbogbo lítà 50 yẹn, mo ṣẹ́ aṣọ náà po mẹ́rin, ohun tó kù lórí ẹ̀ ò ju bí ṣíbí tíì méjì lọ. Mo fi díẹ̀ pa bébà, ó gbẹ, mo kán omi sí i, mo dúró. Ẹ̀yin èèyàn mi, búlúù! Kékeré ni, ó yọ yí ibẹ̀ ká bí aró ṣe ń yọ lára adìrẹ tí kò tíì ṣàn dáadáa. Ó wà láàyè.

Mama Làbù · Ọjọ́bọ̀, 7:44 àárọ̀

Ẹ kú oríire! Ṣíbí méjì yẹn lẹ máa tọ́jú, ẹ da ìyókù sídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀, tó bá ti wà nínú báàfù kan náà ẹ ò ní rí ẹ̀yìn ẹ̀.

Lítà méjì péré ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ se omi, kó tutù. Sí lítà kọ̀ọ̀kan: bicarbonate gírámù 16.8, náítíréètì 2.5, iyọ̀ ọbẹ̀ 1, ẹ́písọ̀m sọ́ọ̀tì 0.2, potassium phosphate 0.5, potassium sulphate 1, tí wọ́n bá ní in. Irin náà ṣe pàtàkì, iron sulphate 0.01, ìyẹn ò tó nǹkan tí ìka ń mú, ẹ tú gírámù kan sínú omi lítà kan, kẹ́ ẹ máa bu mílílítà 10 níbẹ̀, ṣùgbọ́n ojoojúmọ́ kọ́ o. Ẹ fi carbonate tí Dípọ̀ kọ́ yín gbé pH dé 10. Ẹ máa fi omi yìí kan náà ṣan ohun tó wà lórí aṣọ lẹ́ẹ̀mẹta kẹ́ ẹ tó dà á sínú ẹ̀, àwọn róbótó tó bá ṣẹ́kù á bá omi lọ.

Ẹ ta aṣọ funfun bò ó lókè, kí òjò má wọ̀ ọ́, kí oòrùn sì rọ̀. Ẹ máa rò ó, bí NEPA bá wà ẹ lo pọ́ǹpù ẹja, bí kò sí, ṣíbí onígi lẹ́ẹ̀mẹ́rin lójúmọ́. Ẹ fi ọ̀dà funfun kun ẹnu igi kan, ẹ tì í bọ omi: tí funfun yẹn bá ti pòórá níbi ìjìnlẹ̀ sẹ̀ǹtímítà 3, ó ti ki tó, ìgbà yẹn ni kẹ́ ẹ fi omi tuntun kún un. Kó tó dìgbà yẹn, ẹ má bu ohunkóhun kún un o, bí ó ti wù kó wù yín.

Bàbá Ẹlẹ́ja Ìkòròdú · Ọjọ́bọ̀, 9:00 àárọ̀

Mo ní pọ́ǹpù kékeré kan tó ń lo bátìrì, ó ti wà nílẹ̀ látìgbà tí mo ra sólà. Adùnní, fi àdírẹ́sì ránṣẹ́ sí mi níkọ̀kọ̀, màá fi fún dírẹ́bà tó ń wá sí Abẹ́òkúta. Kì í ṣe títà.

Adùnní Aláró · Àìkú, 4:10 ìrọ̀lẹ́, ọjọ́ kẹtadínlógún

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Pọ́ǹpù dé, Bàbá, Ọlọ́run á bù kún yín. Ó dúdú padà, ó ń léfòó láàárọ̀, igi funfun ń pòórá níbi sẹ̀ǹtímítà 3 láti àná. Tíṣà kan ládùúgbò bá wa fi máíkíròsíkóòpù ilé ìwé wọn wò ó, ó ní ọ̀pọ̀ ló lọ́ bíi síkúrúù, àwọn kan wà tó nà gbọọrọ, ṣé àlejò tún ni ìyẹn? Ó kù díẹ̀ kí n fi lítà 8 kún méjì yẹn, inú mi ń dùn.

Dípọ̀ Scotland · Àìkú, 4:32 ìrọ̀lẹ́

Kì í ṣe dandan kó jẹ́ àlejò, Arthrospira fúnra ẹ̀ lè nà nígbà mìíràn. Ẹ máa ṣọ́ wọn ṣáá, tí èyí tó nà bá ń pọ̀ sí i ẹ ya fọ́tò ránṣẹ́.

Mama Làbù · Àìkú, 4:35 ìrọ̀lẹ́

Lítà 8 kẹ̀! Ìyá aláró! Méjì ni. Méjì kún méjì.

Adùnní Aláró · Àìkú, 4:36 ìrọ̀lẹ́

Mo ti gbé kẹ́ẹ̀gì yẹn sílẹ̀ mà.